Àpá Inú Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ: Ibi tí Ewé Dé àti Ibi tí Kò Dé



Ìbéèrè tí àwọn obìnrin Òkè-Ògùn ń bi mi lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ni ti àpá inú. Wọ́n ti yọ ìjù fún obìnrin, ara ti yá, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù pé àpá lè mú kí ilé-ọmọ, ìfun àti ọ̀nà tí ẹyin ń gbà lẹ̀ mọ́ ara wọn, kí oyún má sì wáyé mọ́. Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe lásán, nítorí àpá a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá ń wá àgbo tí yóò dènà rẹ̀.

N ó sọ ọ́ bí ó ti rí. Nínú ewé ilẹ̀ wa, kò sí èyí tí a ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń dènà àpá inú. Láàárín wákàtí díẹ̀ tí iṣẹ́ abẹ bá parí, ẹ̀jẹ̀ tó dì yóò ti so ojú egbò pọ̀ bí okùn aláǹtakùn. Bí ara bá tú okùn náà ká láàárín nǹkan bí ọjọ́ 3, egbò yóò jinná geere. Bí kò bá tú u, ní nǹkan bí ọjọ́ 7 ó ti ń di àpá. Àwọn àgbà ní oògùn tí kò jẹ́, ewé kan ló kù. Fún ẹni tí ó wá béèrè àgbo ní oṣù kẹta, kì í ṣe ewé ló kù, àkókò ló ti kọjá. Ọwọ́ dókítà ni ìdènà náà wà jù: kí ó rọra fọwọ́ kan inú, kí ẹ̀jẹ̀ má ṣòfò, kí ojú egbò má gbẹ. Ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni kí a ti bi í.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé oògùn tiwa náà ń dá àpá sílẹ̀. Ní 2001, àwọn dókítà UCH, Ìbàdàn, tẹ àkọsílẹ̀ ọgbọ̀n ọdún jáde lórí àwọn obìnrin tí ojú ara wọn dí. Oògùn ìbílẹ̀ tí ń jóni, tí a ń kì sí ojú ara, ni ó fa èyí tí ó pọ̀ jù. Nítorí ìjù tàbí àìrọ́mọbí ni ọ̀pọ̀ obìnrin fi ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń sá fún ọ̀bẹ, oògùn náà sì gbé wọn padà sábẹ́ ọ̀bẹ. Ẹni tí ó bá ní mo ń ta Ọ̀sanyìn lọ́jà, kí ó kọ́kọ́ dá àwọn obìnrin wọ̀nyẹn lóhùn.

Àpá inú ilé-ọmọ tún wà, èyí tí Joseph Asherman ṣàlàyé ní 1948. Ó sábà máa ń tẹ̀lé hihó ilé-ọmọ lẹ́yìn tí oyún bá bàjẹ́. Bí nǹkan oṣù bá dín kù gidigidi tàbí tí ó dáwọ́ dúró lẹ́yìn náà, pàápàá tí inú ń run obìnrin lóṣooṣù, kí ó má mu àgbo tí a ní ó ń fọ ilé-ọmọ. Ilé ìwòsàn ńlá ní ẹ̀rọ tí a fi ń wo inú ibẹ̀, tí a sì fi ń gé àpá náà.

Ewé àti igi wa kò tìtorí èyí di aláìwúlò. Òrí Ṣakí dára láti fi pa àpá ojú awọ ikùn kí ó rọ̀, bí egbò bá ti jinná tán. Ṣùgbọ́n aáyù lè mú kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kí ó tó dá. Ẹni tí ń mu àgbo rẹ̀ ní láti jáwọ́ ní ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kí ó sì sọ fún dókítà. (Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bú u tí ó bá sọ ọ́, èébú ni ó ń jẹ́ kí wọ́n máa fi pamọ́.)

Ẹ̀yin onísègùn àti lékulẹ́ja Ṣakí, Ìṣẹ́yìn, Òkèhò àti Ìgbòho, mo bẹ̀ yín: ẹ má ta oògùn tí a ń kì sí ojú ara fún obìnrin kankan mọ́. Bí obìnrin bá sì wá ra àgbo ilé-ọmọ, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ, àti ọjọ́ tí ó ṣe é, kí ẹ tó na ọwọ́ sí ewé.