Orúkọ Kan, Àpò Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ní ọjà Ikpinlè, ní Adja-Ouèrè, orúkọ kan ṣoṣo ni à ń pe obìnrin tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá: àlejò. Ṣùgbọ́n ọ̀kan mú owó wá, ó ń ra epo pupa tà. Òmíràn kò mú ju ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wá, ó ń bó ẹ̀gẹ́, ó ń pa èkùrọ́ fún ẹlòmíràn. Bí a bá pa owó wọn pọ̀, tí a pín in sí méjì, ìyà ẹnì kejì yóò fara sin.

Irú ìfarasin yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ní Amẹ́ríkà, a máa ń gbọ́ pé owó ń wọlé fún àwọn obìnrin tí ó ti Ásíà wá. Òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ tí ó mú ìwé ẹ̀rí yunifásítì bọ̀ láti Íńdíà. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ tí ó sá ogun kúrò ní Myanmar.

Ní ilé, láti oṣù kìíní ọdún 2023, owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní Benin ti kúrò ní 40 000 sẹ́fà, ó di 52 000. Ta ni yóò san án fún alágbàṣe tí kò ní ìwé àdéhùn?

Àwọn kan a máa wí pé ìka kò dọ́gba. A gbà, ṣùgbọ́n gbogbo ìka ni ó jọ ń gbé òkèlè dé ẹnu. Bí a bá fẹ́ yá obìnrin àlejò lówó, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè: àlejò wo?