Ẹni tí Ọkàn Rẹ̀ Rẹ̀wẹ̀sì

Àwọn àgbà ní, ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Lónìí, ní Fájuyì àti káàkiri Adó-Èkìtì, bí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá mú ọmọ ilé, ó lè gbé fóònù rẹ̀ kí ó máa wá ìtùnú níbẹ̀. Ǹjẹ́ ẹ̀rọ nìkan tó fún un bí?

Wọ́n ti dán an wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn oníṣègùn àdúgbò fi ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà kún ìtọ́jú wọn: ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ aláìsàn láti yẹ èrò tí ń ba ọkàn rẹ̀ jẹ́ wò. Aláìsàn 691 ni ó wọ ìdánwò náà. Èsì rẹ̀ jáde ní 1915 + 100, èyíinì ni 2015: àwọn tí ó gba ẹ̀kọ́ náà kò sàn ju àwọn tí kò gbà á lọ, nítorí púpọ̀ wọn kò kà á parí. Ẹni tí ó ṣòro fún láti dìde lórí ibùsùn, báwo ni yóò ti dá ẹ̀kọ́ kà? Nínú ìdánwò mìíràn, a fi ènìyàn tí ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù kún un. Lẹ́yìn oṣù 4, àwọn wọ̀nyí bọ́ nínú ìrẹ̀wẹ̀sì ju àwọn tí a fi sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ lọ.

Nítorí náà, bí ẹnìkan nínú ilé bá dákẹ́ jù, tí oúnjẹ àti oorun kọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ tàbí aláìnígbàgbọ́. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì bá a lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Bí ó bá ń sọ ti ikú, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú. Bí wọ́n bá sì fi ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ kún ìtọ́jú rẹ̀, ẹ jùmọ̀ kà á.