Ta Ló Ní A Kò Lè Fi Yorùbá Kọ́ Ìṣirò?

Àwọn kan nínú àwa olùkọ́ gbà pé oríkì, òwe àti ìwúre ni Yorùbá wà fún, pé bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìṣirò, kí a fi í sílẹ̀ fún Faransé. Ìṣirò ni mo ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo sì ń sọ ọ́ láì fepo bọyọ̀ pé èrò náà kò tọ̀nà, ó sì ń pa àwọn ọmọ wa lára.

Ẹ wo ẹ̀kọ́ ìlà tààrà ní kíláàsì troisième. A ó kọ y = ax + b sójú pátákó, a ó ní lẹ́tà «a» ni «coefficient directeur», lẹ́tà «b» ni «ordonnée à l'origine». Àwọn ọmọ yóò há a sórí bí ẹni ń kọ́ ọfọ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè ìtumọ̀ rẹ̀, kíláàsì yóò dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọ tí ó gbọ́ «directeur», ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó ń rántí. Nígbà tí kò bá yé e, a ó ní olódo ni.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọjà. Ká ní ìyá kan ní Kétu ń fi ọkọ̀ kó àgbàdo lọ tà. Awakọ̀ ń gba iye kan tí kì í yí padà kí ọkọ̀ tó ṣí, ó sì tún ń gba owó lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá náà kó àpò 2, ó san 1.600 fàráǹkì, lọ́sẹ̀ yìí, ó kó àpò 5, ó san 2.500. Èló ni ti àpò kan? Èló ni ti ọkọ̀? Ìyá náà kò nílò kálámù. Àpò fi 3 lé, owó fi 900 lé. Nítorí náà, 300 ni ti àpò kan. Owó àpò 2 jẹ́ 600. Bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú 1.600, 1.000 ni ó kù: ti ọkọ̀ nìyẹn.

Ó ti rí y = 300x + 1.000. «Coefficient directeur» ni 300, iye tí owó fi ń gòkè bí àpò kan bá lé. Èmi ń pè é ní ìwọ̀n ìgòkè. «Ordonnée à l'origine» ni 1.000, ibi tí ìlà wa ti gé ìlà òòró, nígbà tí àpò ṣì jẹ́ òdo. Èmi ń pè é ní ìpìlẹ̀. Bí ìlà bá wá ń sọ̀ kalẹ̀ ńkọ́, bí omi inú àgbá tí a ń bù lójoojúmọ́? Àmì ìyọkúrò ni a ó fi síwájú ìwọ̀n náà. Kí ló ṣòro fún Yorùbá níbẹ̀?

Wọ́n á ní Faransé ni èdè ìṣirò. Ta ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀? Ní 1637, nígbà tí Látìnì jẹ́ èdè àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù, Descartes kọ La Géométrie, ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí ó kọ́kọ́ so ìlà pọ̀ mọ́ ìdọ́gba. Faransé, èdè ilé rẹ̀, ni ó fi kọ ọ́. Ohun tí ó yẹ Descartes kò ha yẹ wá? Ní Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú, láti 1970, Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún 6. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n á tún ní: «Faransé ni a fi ń ṣe BEPC.» Òótọ́ ni, n kò sì sọ pé kí a lé Faransé jáde. Kí òye ṣáájú orúkọ ni mo wí. Ọmọ tí ó bá ti mọ ìpìlẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀ yóò kọ́ «ordonnée à l'origine» kíákíá. Ẹni tí ó há orúkọ sórí láìmọ ohun tí ń jẹ́ ẹ yóò gbàgbé kí ìdánwò tó dé.

Abala 11 nínú òfin ńlá Benin ti 1990 fún wa láyè láti lo èdè wa. Òfin kò dí wa lọ́nà. Àwa fúnra wa ni. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ wa ya ojú-ìwé kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yìí fún ọ̀rọ̀ ìṣirò, Yorùbá lápá kan, Faransé lápá kejì. Bí orúkọ tí mo dá bá kù díẹ̀ káàtó, kí àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ mú èyí tí ó sàn jù wá. Ṣùgbọ́n kí a má tún pe ọmọ tí a kò bá sọ èdè rẹ̀ ní olódo mọ́.