Òfin Ìpínlẹ̀ ni Ààbò Ìfètòsọ́mọbíbí

Àwọn kan ń sọ ní Amẹ́ríkà pé àṣedànù ni kí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ máa jókòó ṣòfin lórí oògùn ìdènà oyún. Wọ́n ní òfin ìlera tí Ààrẹ Obama fọwọ́ sí ní ọdún 2010 ti yanjú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé láti ọdún 2012 ni ó ti di dandan fún ọ̀pọ̀ ètò ìdójútòfò ìlera láti san owó rẹ̀, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ obìnrin. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbójú lógún, ó fi ara rẹ̀ fún òṣì ta.

Ẹ wo bí ogún náà ti ń dínkù. Ní ọdún 2014, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá Hobby Lobby láre pé ilé iṣẹ́ ìdílé lè torí ẹ̀sìn kọ̀ láti san owó oògùn wọ̀nyí. Ní 2020, ilé-ẹjọ́ kan náà fàyè gba ìlànà ìjọba Trump tí ó sọ ìyọ̀ǹda yìí di gbọ̀ọ̀rọ̀. Ní Okúdù 2022 ni wọ́n fagi lé ẹ̀tọ́ ìṣẹ́yún. (Ìdènà oyún yàtọ̀ sí ìṣẹ́yún o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́.) Adájọ́ Clarence Thomas wá kọ ọ́ pé ó yẹ kí wọ́n tún ìdájọ́ Griswold ti ọdún 1965 yẹ̀ wò, èyí tí ó fún tọkọtaya ní ẹ̀tọ́ sí ìdènà oyún. Òótọ́ ni pé òun nìkan ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò torí ìyẹn sùn fọnfọn? Nígbà tí àbá òfin ẹ̀tọ́ yìí dé iwájú àwọn aṣòfin àgbà ní Okúdù 2024, kò rí ìbò 60 tí ó nílò.

Ìpínlẹ̀ Maryland, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ibùgbé, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ní 1998 ni ó ti kọ́kọ́ ṣe òfin tirẹ̀ lórí ìdójútòfò, ṣáájú gbogbo ìpínlẹ̀ yòókù. Ó tún ṣe òmíràn ní 2016, pé kí obìnrin lè gba oògùn oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má fojú kékeré wo èyí. Nọ́ọ̀sì tí ń ṣiṣẹ́ òru lè má ráyè dé ilé ìpoògùn lóṣooṣù. Oyún kì í sì í bèèrè bóyá ilé ìpoògùn ti ṣí. Ní Virginia tí ó múlé tì í, àwọn aṣòfin fọwọ́ sí àbá ẹ̀tọ́ ìdènà oyún ní 2024, Gómìnà Youngkin sì kọ̀ ọ́.

Àléébù òfin ìpínlẹ̀ kò farasin. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1974, ERISA, kò jẹ́ kí ó mú ilé iṣẹ́ tí ń fi àpò ara rẹ̀ tọ́jú òṣìṣẹ́. Ṣé torí pé agbòjò kò bo ẹsẹ̀ ni a ó ṣe sọ ọ́ nù lójú òjò?

Àwọn mìíràn ní kí oníkálùkù fowó ara rẹ̀ ra tirẹ̀. Ẹnu dùn ún ròfọ́! Oníhóró lè má wọ́n, ṣùgbọ́n èyí tí dókítà ń fi sínú ilé ọmọ lè ná ẹni tí kò ní ìdójútòfò ju 1,000 dọ́là lọ. Kí àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ dárúkọ òṣìṣẹ́ kékeré tí yóò rí i san lóṣù yìí.