Ẹran inú àgbá: ẹ má tíì ta ewúrẹ́ yín

Ìbéèrè kan wọlé láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń sin ewúrẹ́ lọ́nà Kétu. Ọmọ rẹ̀ ló fi fídíò hàn án lórí fóònù: wọ́n ń ṣe ẹran jáde látinú àgbá irin lókè òkun, wọn ò sì pa ẹran kankan. Ìyá ní, "Ṣé òótọ́ ni? Bó bá jẹ́ òótọ́, ṣé kí n yáa ta ewúrẹ́ mi kí owó rẹ̀ tó já?" Ìbéèrè gidi ni. Mo fẹ́ dáhùn rẹ̀ lónìí, kí n sì sọ èrò tèmi mọ́ ọn.

Òótọ́ ni. Kì í ṣe rọ́bà, kì í sì í ṣe idán. Ẹran ara màlúù tàbí ti adìẹ, ẹyọ kéékèèké tí ojú lásán ò lè rí ló para pọ̀ dà á. Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pe ẹyọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á yọ díẹ̀ lára ẹranko, wọ́n á kó o sínú omi tó ní ṣúgà, iyọ̀ àti àwọn èròjà aṣaralóore mìíràn, wọ́n á jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, títí á fi pọ̀. Ẹ̀yin ìyá tó ń pọn ọtí bàbà, iṣẹ́ náà fara jọ tiyín: ohun tó wà láàyè lẹ fi sínú ìkòkò, ẹ sì ń dúró kó ṣiṣẹ́.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 2013, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mark Post láti Yunifásítì Maastricht, nílẹ̀ Netherlands, gbé ègé ẹran màlúù kan tí wọ́n ṣe báyìí lọ sí London, wọ́n dín in, wọ́n sì tọ́ ọ wò níṣojú àwọn oníròyìn. Owó tó bá a lọ jẹ́ 250,000 yúrò. Ó lé ní 160 mílíọ̀nù fàráńkì tiwa, fún ègé ẹran kan ṣoṣo! Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, Singapore ni ìjọba àkọ́kọ́ tó fàyè gba títà rẹ̀. Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Owó rẹ̀ ti já púpọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì di ohun tí mẹ̀kúnnù lè máa rà sọ́bẹ̀.

Kí ló ń dí wọn lọ́wọ́? Ohun mẹ́ta ni.

Èkínní, oúnjẹ. Sẹ́ẹ̀lì ń jẹun, oúnjẹ rẹ̀ sì wọ́n, pàápàá àwọn èròjà tó ń mú un dàgbà. Níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù tí a kò tíì bí ni wọ́n ń lò, tí wọ́n ń gbà nígbà tí wọ́n bá pa ìyá rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ "a ò pa ẹran" kò tíì pé nígbà yẹn? Ọdún 2023 ni Singapore fàyè gba èyí tí kò lo ẹ̀jẹ̀ náà mọ́.

Èkejì, ìmọ́tótó. Sẹ́ẹ̀lì ẹran lè gba odidi ọjọ́ kan kó tó di méjì. Kòkòrò àìfojúrí lè di méjì láàrin ogún ìṣẹ́jú. Adìẹ tó wà láàyè ní ohun tó ń bá àrùn jà nínú ara rẹ̀. Àgbá ò ní in. Bí ẹyọ kòkòrò kan bá yọ́ wọlé, gbogbo àgbá ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, iná. Ooru inú àgbá ò gbọdọ̀ yí padà tọ̀sán-tòru, ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ máa rò ó. Ẹ̀yin tí iná ń lọ mọ́ lọ́wọ́ lẹ́nu lílọ ata, mi ò ní ṣàlàyé ìyẹn fún yín.

Wàyí o, ẹ wo agbo ẹran tiwa. Kí ló ń mú adìẹ wa wọ́n? Oúnjẹ: àgbàdo àti sójà ń gbówó lórí. Àrùn: lúkúlúkú ń dé nígbà ọyẹ́, ó ń gbá ọgbà adìẹ mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Iná: bí a bá pa ẹran tán, kò sí yìnyín tí a ó fi tọ́jú rẹ̀. Ohun mẹ́ta kan náà ni! Ìdí nìyẹn tí mo fi ní a ò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ borí oúnjẹ, àrùn àti iná, òun ni yóò máa ta ẹran fún ẹni kejì.

Àwọn kan á ní kí ìjọba fòfin dè é bí Ítálì ti ṣe ní 2023. Èmi ò sí níbẹ̀. Bó bá dín lówó lọ́jọ́ kan, ọmọ tó ń jẹ ọbẹ̀ òfìfo á rí ẹran jẹ, màlúù tó ń jẹ oko wa sì lè dín kù. Òfin ò sì lè gba adìẹ tí lúkúlúkú ń pa. Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba ṣe ni kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára rẹ̀ gedegbe, kí olùrà mọ ohun tó ń rà. Ẹ rántí adìẹ oníyìnyín tó ń gba èbúté Kútọnu wọlé. Owó rẹ̀ kéré ju ti adìẹ ilé lọ, ọ̀pọ̀ olùsìn adìẹ ò sì rí ọjà tà mọ́. Ará iwájú jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

Nítorí náà, ìyá mi, ẹ má ta ewúrẹ́ yín. Ewúrẹ́ kì í ṣe ẹran ọbẹ̀ nìkan. Òun lẹ ń tà bí ọmọ bá ń ṣàìsàn lóru, òun lẹ ń tà san owó ilé ìwé, ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ ń kó sóko. Àgbá irin ò lè ṣe ìyẹn fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má sùn o.

Kí ẹgbẹ́ olùgbọ́ kọ̀ọ̀kan jókòó lórí ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí kí ọyẹ́ tó dé. Ta ni yóò lọ bá dókítà ẹranko nítorí àjẹsára lúkúlúkú? Ìgò kan lè tó 100 adìẹ, kò sì ṣe é tọ́jú di ọ̀la tí a bá ti ṣí i. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ dáwó jọ rà á. Ta ló ní sójà àti àgbàdo tẹ́ ẹ lè jọ lọ̀ fún adìẹ, dípò kí kálukú máa ra oúnjẹ àpò? Ọjọ́ wo lẹ máa jọ kó adìẹ lọ sọ́jà, kí oníbàárà lè wá bá yín, kẹ́ ẹ má baà máa gbé adìẹ kan wá sílé nírọ̀lẹ́?

Ẹ fi èsì yín ránṣẹ́ sí wa. A ó kà á sétí gbogbo ìlú.