Ẹ Yé Pe Àfòpiná ní Ebola

Ẹ̀yin akọ̀ròyìn, ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ ìwé ìròyìn àti ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ẹ má wẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Ọdún 2016 ni ẹ fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé Ebola ti wọ oko tòmáàtì. Ní Gáréèjì Ìkòròdú, níbi tí àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ Mile 12 ti máa ń pagbo yí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ká, àkọlé nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rí kà kí ọkọ̀ tó kún. Àkọlé náà ni wọ́n gbé wọ ọkọ̀, òun náà ni wọ́n gbé délé. Àwọn ìyá tó pàtẹ ata àti tòmáàtì ni oníbàárà wá ń dúró níwájú wọn, tí wọ́n ń bi wọ́n pé ṣé èyí kò ní pa ọmọ àwọn.

Ta ló jẹ tòmáàtì tó fi kó Ebola? Kò sí. Ohun tí ẹ ń pè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àìsàn rárá, kì í ran ènìyàn. Àfòpiná ni, èyí tí gígùn rẹ̀ kò pé sẹ̀ǹtímítà kan. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Tuta absoluta. Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Ọdún 2006 ni wọ́n rí i ní Spain, ó wọ Àríwá Áfíríkà, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa. Abo kan ṣoṣo lè yé ẹyin tó tó 250. Ọmọ tó bá jáde nínú ẹyin á wọ àárín awọ ewé méjèèjì, ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹun, tí oògùn tí àgbẹ̀ ń fín kò ní kàn án. Bó bá yá, á gbẹ́ inú èso náà. Òru ni àwọn òbí ń fò, abẹ́ ewé ni wọ́n ń sá sí lọ́sàn-án. Ní nǹkan bí oṣù kan, ìran mìíràn ti dé.

Ṣé orúkọ Ebola yẹn wá yẹ ẹnu yín? Èkó wa yìí ni Ebola gbà wọ Nàìjíríà ní oṣù keje ọdún 2014. Èèyàn 20 ló kó o, 8 kú. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh wà nínú àwọn tó kú, obìnrin tó kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn àkọ́kọ́ kò ní jáde ní ilé ìwòsàn, tí ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ gba tiwa là. Ẹ rántí bí a kò ṣe bọ ara wa lọ́wọ́ mọ́ nígbà náà. Ẹ rántí bí àwọn èèyàn ṣe ń jí lóru fi omi iyọ̀ wẹ̀, tí àwọn mìíràn ń mu ún, nítorí ìròyìn tí kò ní bàbá. Ọdún méjì kò tíì pé lórí ikú obìnrin náà tí ẹ fi sọ orúkọ ohun tó pa á di orúkọ kòkòrò orí tòmáàtì, kí ìwé lè tà. Ó dùn mí. Ní ọdún 2024, orúkọ yẹn ti délé débi pé mínísítà ètò ọ̀gbìn, Abubakar Kyari, lò ó nígbà tí ó ń ṣàlàyé ìdí tí tòmáàtì fi wọ́n. Ẹ̀yin lẹ tọ́ orúkọ náà dàgbà.

N kò sọ pé òfò kò ṣẹ̀. Ó ṣẹ̀ gan-an. Ìjọba ìpínlẹ̀ Kaduna kéde pàjáwìrì lórí tòmáàtì ní oṣù karùn-ún ọdún 2016. Ilé iṣẹ́ tí Dangote kọ́ sí Kadawa ní Kano láti máa lọ tòmáàtì dá iṣẹ́ dúró, nítorí kò rí tòmáàtì rà. Ní ọjà Mile 12, èṣà tòmáàtì tí à ń rà ní owó pọ́ọ́kú di ohun tí a ń kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kí ni àgbẹ̀ rí gbà nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ? Ó gbọ́ Ebola, ẹ̀rù bà á, ó ra oògùn tó bá rí, ó ń fín in lé ara wọn, bẹ́ẹ̀ àfòpiná yìí ti mọ́ ọ̀pọ̀ nínú oògùn wọ̀nyẹn lára. Àwọn kòkòrò tí ì bá máa jẹ ẹ́ ló ń kú. Ẹ kò kọ ọ́ pé ìdẹ wà, tí wọ́n fi òórùn bí i ti abo sí, tí akọ á máa wá kó sínú omi abẹ́ rẹ̀. Ẹ kò kọ ọ́ pé kí àwọn àgbẹ̀ fa tòmáàtì tó ti bàjẹ́ tu kúrò lóko, kí wọ́n má sì gbin tòmáàtì lé orí tòmáàtì.

Ohun mìíràn tó ń bí mi nínú ni pé ìgbà tí kòkòrò bá kan àpò nìkan ni ẹ ń rí i. Labalábá, ẹ fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ etí ìwé. Àfòpiná tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, ọ̀daràn ni. Ìbẹ́pẹ tí ẹ ń rà jẹ láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, igi rẹ̀ ní akọ, ó ní abo, òdòdó rẹ̀ sì ń tú òórùn sílẹ̀ nírọ̀lẹ́. Àfòpiná ńláńlá tó ń fò ní àṣálẹ́ wà lára àwọn tó ń gbé àtíkè òdòdó akọ lọ fún abo kó lè so. Sányán tí ẹ ń wọ̀ lọ síbi ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ àfòpiná tí wọ́n ń pè ní Anaphe ló kọ́kọ́ hun ún. Wọ́n á kó ara wọn jọ sórí igi, wọ́n á hun ilé kan ṣoṣo tí gbogbo wọn yóò wọ̀. Ilé yẹn ni àwọn ìyá wa máa ń já láyé àtijọ́, tí wọ́n ń sè, tí wọ́n ń ran di òwú. Ọjọ́ wo ni èyí wọ ojú ewé àkọ́kọ́?

Bí kòkòrò orí tòmáàtì yìí bá tún bẹ́ sí oko, ẹ pè é ní àfòpiná tòmáàtì. Lagos State University of Science and Technology wà ní Ìkòròdú níhìn-ín, wọ́n ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọ̀gbìn níbẹ̀. Ẹ gbéra láti Gáréèjì, ẹ lọ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àgbẹ̀ tó ń gbin tòmáàtì lọ, kí ẹ wo ewé náà fúnra yín, kí ẹ sì kọ ibi tí wọ́n ti ń ta ìdẹ àti iye tí wọ́n ń tà á.