Òfo Kì Í Ṣe Òdo

Ẹni tó bá ti kọ kóòdù rí mọ ìyàtọ̀ àárín null àti 0. 0 ni pé a kà á, a ò rí nǹkan kan. Null ní tiẹ̀, a ò tiẹ̀ kà á rárá. Ẹ fi ọ̀kan rọ́pò èkejì nínú dátábéèsì báńkì kí ẹ wò ó, ilẹ̀ ò ní ṣú kí wọ́n tó lé yín níṣẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ ọmọdé, ohun tí à ń ṣe gan-an nìyẹn.

Type 1 ni mò ń wí o, kì í ṣe ti àwọn àgbàlagbà wa. Àwọn sójà inú ara ọmọ náà ló ń pa ibi tí insulin ti ń jáde. Kò kan súìtì. Nínú àkọsílẹ̀ tí WHO kó jọ láti 1990 sí 1994, Finland àti Sardinia ló wà lókè téńté: ó lé ní ọmọ 36 nínú 100,000 lọ́dún. Láwọn ibìkan ní Ṣáínà, kò pé ọmọ 1. Ìyàtọ̀ wà lóòótọ́, ọ̀rọ̀ ìdílé wà ńbẹ̀, mi ò jiyàn. Àmọ́ Finland ń ka àwọn ọmọ tiẹ̀. Àwa ńkọ́? Nínú ìwé International Diabetes Federation, orílẹ̀-èdè tí kò bá ní àkọsílẹ̀, iye orílẹ̀-èdè mìíràn tó jọ ọ́ ni wọ́n fi ń díwọ̀n tirẹ̀. Wọ́n fi default dí àlàfo. Àwa wá ń sọ pé àìsàn òyìnbó ni.

Ọmọ ń mu omi bí ẹni tó ti oko dé, ó ń tọ̀ lemọ́lemọ́, ó ń rù, ó ń bì, ó ń mí gúlegúle. A ní ibà ni. A ní táífọ́ọ̀dù ni. A ní ayé ló ń bá a jà. Ẹlòmíì á tún po glúkóòsì fún un kó lè lókun! Tọ́mọ náà bá kú, "ibà" la ó kọ sílẹ̀, tá a bá kọ nǹkan kan rárá. Láti 1922 ni wọ́n ti gún ọmọ ọdún 14 kan ní insulin ní Toronto.

Àwọn ìyá wa àgbà tó ń wo èèrà lórí ìtọ̀ sàn jù wá lọ.

Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, wọ́n ti ń gún ọmọ níka láti yẹ ibà wò. Ẹ̀jẹ̀ tó jáde yẹn náà tó láti yẹ ṣúgà wò, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Kí ló dé tí wọ́n fi ń nù ún dànù?